Mò ń ya àwòrán ilé olódi ọdún 1300: yàrá wo ló yẹ kó wà níbẹ̀, ibo ló sì yẹ kó wà?

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń ya àwòrán ilé olódi kan, irú èyí tí àwọn olóyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1300. Kì í ṣe ilé kan pàtó, àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó kó bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ti yà nìyí: ilé ìṣọ́ onígun mẹ́rin ní igun odi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, túbú lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, gbọ̀ngàn ńlá, ilé ìdáná tó fara ti gbọ̀ngàn, yàrá ibùsùn méjìlá fún àwọn jagunjagun, ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. Mo tún ń rí orúkọ bíi buttery, solar àti garderobe nínú àwòrán àwọn ẹlòmíràn, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kí ni kí n pa rẹ́, kí ni kí n fi kún un?

Òkúta_Igun

Ẹ kọ́kọ́ pa yàrá ibùsùn méjìlá yẹn rẹ́. Inú gbọ̀ngàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn sí. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, wọ́n á tú tábìlì palẹ̀ (pákó gbọọrọ lásán ni, tí wọ́n gbé ka ẹsẹ̀ igi), wọ́n á fi í ti ògiri, kálukú á sì tẹ́ ibùsùn koríko tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ní ìyẹ̀wù tara wọn kò pọ̀: olóyè àti ìyàwó rẹ̀, alábòójútó ilé, bóyá àlùfáà, àti àlejò tó ṣe pàtàkì.

Gbọ̀ngàn yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àwòrán, torí òun ló ń sọ ibi tí gbogbo yòókù máa bọ́ sí. Gbọ̀ngàn ní orí, ó sì ní ìdí. Ní orí rẹ̀ ni pèpéle wà, ó fi ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì ga ju ilẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni olóyè ń jókòó sí, tó kọjú sí gbogbo ilé. Ní ìdí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn àgbàlá wà. Otútù, ẹrẹ̀ àti ajá ń tibẹ̀ wọlé, nítorí náà wọ́n máa ń fi ògiri pákó gé ìdí náà kúrò lára ibi ìjẹun, àwọn ìránṣẹ́ á sì máa gba ọ̀nà tóóró tó kù lẹ́yìn pákó.

Lára ògiri ìdí yẹn, ẹ ya ilẹ̀kùn mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ ilé olódi, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ kan já sí buttery, ti ẹ̀gbẹ́ kejì já sí pantry, ti àárín já sí ọ̀nà ilé ìdáná. Buttery kò bá bọ́tà tan rárá: inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó ń jẹ́ àgbá ló ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bu ọtí fún àwọn tó wà nídìí tábìlì. Pantry wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé fún búrẹ́dì. Búrẹ́dì, iyọ̀, ọ̀bẹ àti aṣọ tábìlì ló ń gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá tún rí larder nítòsí ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló bí i: ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi gbogbo wọn sí ìhà tí oòrùn kì í pa, kí ọtí má baà kan, kí ẹran má baà rà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ilẹ̀kùn mẹ́ta yẹn, ẹ wá fọ́tò Bodiam, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Edward Dalyngrigge gba ìwé àṣẹ láti mọ odi sí ní 1385. Òrùlé ti lọ, àjà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró síbẹ̀. Ó fi nǹkan bí ọdún 85 kéré sí tiyín, àmọ́ ètò gbọ̀ngàn kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ààrò. Bí gbọ̀ngàn yín bá wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí òrùlé igi rẹ̀ sì ga, ẹ lè gbé ààrò sí àárín ilẹ̀ gan-an, kí èéfín máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ sí ihò tí wọ́n dá sí òrùlé. Stokesay, lẹ́bàá ààlà Wales, ní irú rẹ̀, ààrò onígun mẹ́jọ. Laurence ará Ludlow, oníṣòwò irun àgùntàn, ló kọ́ ọ, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1291. Ṣùgbọ́n bí gbọ̀ngàn bá wà lókè, tó jẹ́ pé pákó ni àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ààrò wọ inú ògiri, kí ilé má baà jóná mọ́ yín lórí.

Lẹ́yìn pèpéle ni solar wà, ìyẹ̀wù olóyè, lókè lọ́pọ̀ ìgbà. Ti Stokesay ní ihò kékeré méjì lára ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún ààrò, ọ̀kan lápá òsì, tí èèyàn lè gbà yọjú wo ohun tó ń lọ nínú gbọ̀ngàn. Ìta ni àtẹ̀gùn rẹ̀ wà, nítorí náà bí òjò bá ń rọ̀, olóyè náà á rin.

Ilé ìdáná yín fara mọ́ gbọ̀ngàn jù. Ní Conwy, ilé olódi kan ní Wales, òdìkejì àgbàlá ló wà sí gbọ̀ngàn, torí iná. Ẹ fi ojúlówó ààrò búrẹ́dì síbẹ̀: wọ́n á kó ìdì igi wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á dáná sí i títí òkúta inú fi máa gbóná dáadáa, wọ́n á gbá eérú jáde, wọ́n á ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ooru má jáde. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọlé, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó ọ̀pá náà níwájú. Kò ṣeé fún mọ́ kọ̀rọ̀.

Àká_Òkúta

Ọ̀rọ̀ túbú mẹ́rin yẹn ni tèmi. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, tàbí kí ẹ má fi ìkankan sílẹ̀.

Donjon ní Faransé ni orúkọ ilé ìṣọ́ tó tóbi jù lọ nínú ilé olódi, ibi tí olóyè fúnra rẹ̀ lè máa gbé. Nígbà tó yá ni orúkọ náà rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀, tó wá di ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dungeon lónìí. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ tó ṣókùnkùn, tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ pé ihò ojú àjà ni èèyàn ń gbà wọ̀ ọ́, àká ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò ní fèrèsé torí ọ̀tá lè gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé, àti torí pé òkùnkùn àti òtútù ni wáìnì àti ẹran oníyọ̀ ń fẹ́. Òmíràn kò ju kòtò omi òjò tàbí kòtò ìgbẹ́ lọ, tí àwọn afinimọ̀nà wá ń pè ní oubliette, ibi ìgbàgbé, torí ìtàn yẹn dùn létí arìnrìn-àjò.

Ẹlẹ́wọ̀n tó níye lórí, owó ni. Wọn ò jẹ́ jẹ́ kó kú sínú kòtò kí ẹbí rẹ̀ tó sanwó. Ranulf Flambard, bíṣọ́ọ̀bù Durham, ni ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn mẹ́nu bà ní White Tower ní Lọ́ńdọ̀n, ní 1100. Òkè ni wọ́n fi í sí. Ní 1101, wọ́n tọ́jú okùn sínú àgbá wáìnì ránṣẹ́ sí i. Ó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́tí títí wọ́n fi yó sùn, ó so okùn mọ́ fèrèsé, ó sì gbabẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bó bá ṣe pé abẹ́ ilẹ̀ ló wà, kí ni ì bá so okùn mọ́? N kò sọ pé túbú gidi kò sí o: Conwy ní ilé ìṣọ́ tó ń jẹ́ Prison Tower, tó ní yàrá tó fara sin nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ilé ìṣọ́ mẹ́jọ ni ìyẹn.

Nítorí náà ẹ sọ yàrá ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn di àká, kí ẹ sì ro ọ̀nà tí ẹrù máa gbà wọlé. Àgbá wáìnì títóbi, tun lédè wọn, ń gba nǹkan bí lítà 950. Bó bá kún, ó tó tọ́ọ̀nù kan. Kò sẹ́ni tó lè yí ìyẹn gba àtẹ̀gùn oníkòkótó. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn fífẹ̀ láti àgbàlá àti ilẹ̀ dídagẹ̀rẹ̀, tàbí ihò ojú àjà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfàkùn lókè. Bí ẹ bá ya àká ọtí tó jẹ́ àtẹ̀gùn tóóró nìkan ni ọ̀nà rẹ̀, àwòrán yẹn ti kùnà.

Ẹ tún fi ilé ìpọntí kan sí àgbàlá, kó sún mọ́ kànga. Galọ́ọ̀nù kan lójúmọ́ fún ẹnì kan ni wọ́n sábà ń ṣírò ọtí ọkà sí. Bí hops, òdòdó ewéko kan tí kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́, kò bá sí nínú rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń kan. Ẹ ò lè pọn ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ilé tó ní èèyàn 50 ń fẹ́ galọ́ọ̀nù 350 lọ́sẹ̀, ìyẹn ni pé wọn ò ní yé pọntí. Wáìnì pàápàá kì í sábà pé ọdún kó tó bàjẹ́, torí inú àgbá ló wà, kò sí ìgò tó dé pinpin. Ọkà ní tirẹ̀ kì í gbé abẹ́ ilẹ̀. Òkè ni kí ẹ gbé e sí, kí ọ̀rinrin má mú un hu.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ ṣeun gan-an. Túbú mẹ́ta ti di àká, ilẹ̀kùn mẹ́ta ti wọlé. Omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ ló wá kù. Mo to ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ihò kan ṣoṣo ló gba inú gbogbo wọn kọjá. Ṣé ó dáa?

Kànga_Jíjìn

Kò dáa fún ẹni tó jókòó nísàlẹ̀! Ẹ yẹ̀ wọ́n lórí ara wọn: kí ti òkè yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí kálukú ní ihò tirẹ̀ nínú ògiri, bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ máa pàdé nísàlẹ̀.

Garderobe ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi ìpamọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ní òun ń lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ máa kà á kiri pé wọ́n ń fi aṣọ kọ́ síbẹ̀ kí òórùn ìtọ̀ lè lé kòkòrò. Ẹ má fi aṣọ kọ́ síbẹ̀. Wardrobe gidi jẹ́ yàrá ọ̀tọ̀, tó ní àpótí àti kọ́kọ́rọ́, níbi tí aṣọ olówó ńlá, èròjà ọbẹ̀ láti òkèèrè àti ohun iyebíye ń gbé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe garderobe: inú ìnípọn ògiri ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà tóóró kan á kúrò nínú ìyẹ̀wù, á ṣẹ́rí lẹ́ẹ̀kan kí òórùn má baà tẹ̀lé èèyàn padà, á wá já sí ìjókòó pákó tó ní ihò lójú. Ojú fèrèsé kékeré kan á wà fún afẹ́fẹ́. Lábẹ́ ìjókòó, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè jẹ́ kí ìjókòó yọ jáde lára ògiri kí ohun gbogbo já bọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Odi ìlú Conwy ní méjìlá irú rẹ̀ tò bẹẹrẹ. Wọ́n lè dá ihò sínú ògiri títí dé kòtò, kí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ẹni tó máa wá kó o. Tàbí kó já sínú yàrà omi tó yí odi ká, bíi ti Bodiam: garderobe 28, inú yàrà kan náà. Omi yàrà yẹn lẹ́wà nínú fọ́tò. Ẹ má rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó burú. Bí ihò bá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù, afẹ́fẹ́ á máa gbé òórùn padà sókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn ni. Bí ihò bá fẹ̀ tó èèyàn, ọ̀tá lè gbabẹ̀ gòkè. Nígbà tí àwọn Faransé gba Château Gaillard, ilé olódi ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Normandy, ní 1204, ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni pé ihò ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn kan gbà wọ inú odi. Àwọn mìíràn ní fèrèsé ilé àdúrà ni. Yálà ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi irin dábùú ẹnu ihò yín. Ọba Henry Kẹta tilẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun fún òun ní Lọ́ńdọ̀n torí ibi tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ wà kò dára, ó ń rùn, ó sì ní kí wọ́n ṣe é kódà bó bá máa ná wọn ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn.

Kànga ẹ̀wẹ̀, inú odi ló gbọ́dọ̀ wà, kó jìnnà sí kòtò ìgbẹ́, kó sì ga jù ú lọ bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀. Ilé olódi Rochester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọgbọ́n tó wù mí jù: ògiri tó pín ilé náà sí méjì ni wọ́n gbé ihò kànga gbà, tó lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó fi jẹ́ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ojú kan tí wọ́n ti lè fa omi. Ìránṣẹ́ ò ní ru korobá gun àtẹ̀gùn. Ti ilé olódi Dover, tí Ọba Henry Kejì kọ́ láàárín 1180 sí 1190, jìn ju mítà 100 lọ, páìpù òjé sì ń gbé omi láti ibẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Ní Bodiam, kànga wà nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, ilé ẹyẹlé wà lórí ilé ìṣọ́ kan náà, ilé ìdáná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi àti ẹran, kò jìnnà sí ààrò.

Ilé ìwẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ọpọ́n igi ńlá ni, tí wọ́n ń gbé wá sí ìyẹ̀wù níwájú ààrò, tí wọ́n fi aṣọ ta lé lórí bí àgọ́. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán, wọ́n á gbé e lọ.

Oníbodè

Ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu ba bodè. Yàrá tó wà lókè ojú ọ̀nà bodè kì í ṣe yàrá òfìfo: inú rẹ̀ ni ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń fà sókè máa ń wọ̀ bí wọ́n bá ṣí i, nítorí náà àyè gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo gíga rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfàkùn àti ẹni méjì mẹ́ta tí ń yí i. Ihò tó wà nílẹ̀ yàrá náà, omi ni wọ́n ń dà gbabẹ̀ láti pa iná tí ọ̀tá bá dá sí ilẹ̀kùn, wọ́n sì tún ń sọ òkúta. Òróró gbígbóná tí gbogbo ayé ń sọ yẹn, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù láti máa dà á sórí èèyàn.

Mo fẹ́ fi kan kún ọ̀rọ̀ Òkúta_Igun lórí ìyẹ̀wù. Ní Harlech, ilé olódi mìíràn ní Wales (1283 sí 1289), òkè bodè gan-an ni àwọn yàrá tó dára jù wà, pẹ̀lú ààrò àti fèrèsé ńlá tó kọjú sí àgbàlá. Ẹni tí ọba fi ilé sí níkàáwọ́ ló ń gbé níbi tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ sì jẹ́ kí ilé ìṣọ́ yín rí róbótó. Ní 1215, nígbà tí Ọba John dó ti ilé olódi Rochester, ó ní kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ igun kan níbẹ̀, wọ́n fi igi ró o, wọ́n sì fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 40 dáná sí igi náà. Igun wó. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, róbótó ni wọ́n ṣe é, ẹ lè rí i dòní: igun mẹ́ta ṣe ṣóńṣó, ọ̀kan rí róbótó.

Ní ti pé àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ yí sí ọ̀tún kí ẹni tó wà lókè lè ju idà dáadáa, èyí tó yí sí òsì náà wà. Bí ọ̀tá bá ti dé orí àtẹ̀gùn, ogun ti tán.

Ayàwòrán_Ilé

Mo ti ń tún un yà. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá ń wo fọ́tò àlàpà, kí ni mo lè fi dá yàrá mọ̀?

Òkúta_Igun

Ẹ wo ògiri, ẹ má wo ilẹ̀. Ààrò tó so rọ̀ lófuurufú ń sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wà níbẹ̀. Ẹ wá ìlà ihò onígun mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni igi àjà ń wọ̀. Fèrèsé tó ní ìjókòó òkúta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó sún mọ́ ẹnu garderobe, ìyẹ̀wù ẹni ńlá ni. Ojú tóóró tó fẹ̀ nínú, tí kò ní ìjókòó, tafàtafà ló ni ín. Òrùlé òkúta tó tẹ̀ kọdọrọ, tí kò sí ààrò níbẹ̀: àká. Bí ẹ bá rí àwo òkúta kékeré tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri, tó ní ihò omi nísàlẹ̀, ilé àdúrà ni. Ibẹ̀ ni àlùfáà ń ṣan ife sí. Pẹpẹ yóò wà ní ìlà oòrùn, ẹ yẹ tiyín wò, torí mo rí i pé ó kọjú sí àríwá.

Ẹ má to àga àti bẹ́ẹ̀dì sí gbogbo yàrá. Olóyè kì í gbé ojú kan. Bó bá ń lọ sí ilé rẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ògiri àti àpótí ń bá a lọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí ẹ bá ya ilé náà nígbà tí kò sí nílé, òfìfo ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ àká.

Ẹ sì kun ògiri. Òkúta ìhòòhò tí a ń rí lónìí, òjò àti ọdún ló bó o. Ní 1240, Henry Kẹta ní kí wọ́n fi ẹfun kun White Tower funfun báláú, ó sì tún pàṣẹ kí wọ́n fa ọ̀pá òjé tí omi òjò ń gbà láti òrùlé sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, kí omi má baà máa ṣàn lára ẹfun tuntun. Ẹ fi ọ̀pá òjé náà sínú àwòrán. N kò rí i lára òrùlé yín rárá.